Ybor City: Àdúgbò Àwọn Akásìgá ní Ìlú Tampa

Ìlú tí ọba tẹ̀ dó wà, ìlú tí ogun kó jọ sí ojú kan náà sì wà. Lónìí, àdúgbò tí ewé kan dá sílẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ewé náà ni tábà. Àdúgbò náà ni Ybor City, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Íbọ̀, ní ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Fílórídà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ yin tábà fún yín. Àwọn oníṣègùn ti fi hàn gbangba pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ àti àrùn ọkàn, àwa tìkára wa kì í sì í mu ún. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ọwọ́ wọn ká a ni ó fà wá lọ sí Ybor City, pàápàá jùlọ àwọn ará Kúbà, àti ohun tí wọ́n fi owó iṣẹ́ wọn ṣe. Níbẹ̀ ni a ti rí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a mú wá sílé. A sì rí ìbànújẹ́ kan pẹ̀lú, èyí tí a kò ní fi pamọ́ fún yín.

Òpópó Keje

Láti àárín ìlú Tampa ni a ti wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ìbátan èyí tí ó rìn ní Èkó nígbà kan rí títí di ọdún 1933. Kò pẹ́ tí a fi dé ibi tí ilé bíríkì pupa to lọ bẹẹrẹ. Ojú ọ̀nà tí ó jẹ́ ọkàn àdúgbò náà ni Òpópó Keje, tí àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì ń pè ní La Séptima. Púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀ jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fàràndà onírin tí a fi ọnà sí lára sì yọ síta sí ojú pópó, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ti rìn ní Pópó Àgùdà ní Èkó kò ní ṣàì rántí ilé.

Ohun tí ó kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín ni àwọn adìẹ. Àkùkọ àti àgbébọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ń jẹ̀ káàkiri ní ojú títì, wọ́n ń kọ nígbàkígbà tí ó bá wù wọ́n, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ń dúró dè wọ́n. Òfin ìlú dáàbò bò wọ́n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa wọ́n. A gbọ́ pé ìran adìẹ tí àwọn akásìgá ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé wọn láyé àtijọ́ ni wọ́n. Àwọn tí ó ni wọ́n ti kọjá lọ. Adìẹ kò lọ.

Bí Àdúgbò Náà ti Bẹ̀rẹ̀

Vicente Martínez Ybor ni orúkọ ẹni tí a fi sọ ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Sípéènì ni a bí i ní 1818, ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti lọ sí erékùṣù Kúbà, tí Sípéènì ń jọba lé lórí nígbà náà, ó sì di oníṣòwò sìgá ńlá ní ìlú Havana. Nígbà tí àwọn ará Kúbà gbé ogun òmìnira dìde ní 1868, ó gbè sẹ́yìn wọn. Nígbà tí ilẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sá ní 1869 lọ sí Key West, erékùṣù kékeré kan ní ìpẹ̀kun Fílórídà, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1885 ni ó wá ra ilẹ̀ éékà 40 nítòsí Tampa. Nígbà náà, Tampa kò ju ìletò lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin Henry Plant ti dé ibẹ̀ ní 1884. Ọkọ̀ ojú omi lè kó ewé wá tààrà láti Kúbà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ní ọ̀rinrin tí kì í jẹ́ kí ewé tábà gbẹ kí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ybor kọ́ ilé iṣẹ́, ó sì kọ́ ilé pákó kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ilé fi di tiwọn. Ní 1886 ni a ká sìgá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1887, ìlú Tampa gba àdúgbò náà mọ́ra.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún 1886 yìí sọ́kàn. Ní ọdún náà gan-an ni òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Nítorí náà, nínú àwọn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní èbúté Tampa ní ọdún wọ̀nyẹn, àwọn aláwọ̀ dúdú wà tí òmìnira tiwọn àti ti ìdílé wọn kò tíì pẹ́ rárá. Àwọn ará Sípéènì náà ń bọ̀, àti àwọn ará Sísílì láti ilẹ̀ Ítálì. Gbogbo wọn ni ó jókòó sídìí tábílì kan náà. Nígbà tí yóò fi di 1929, sìgá tí à ń ṣe ní Tampa láàrín ọdún kan tó nǹkan bí 500 mílíọ̀nù.

Nínú Ilé Ìtajà Sìgá

Ilé ìtajà sìgá ṣì pọ̀ lórí Òpópó Keje, òórùn wọn sì ń pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà. Kí ó yé yín pé sìgá tí a ń wí yìí yàtọ̀ sí oníbébà tí a ń tà ní páálí ní ilé wa. Ewé lásán ni, láti inú dé òde, ó sì lè nípọn tó àtàǹpàkò. Nídìí fèrèsé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí, tí ó ń ká sìgá ní ojú gbogbo ayé. A wọlé, a kí i, ó sì fi ọwọ́ pè wá súnmọ́ kí a lè rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Oríṣi ewé mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni ewé inú, tí ó ń fún sìgá ní adùn. Ó kó díẹ̀ jọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ̀ wọ́n pọ̀ lọ́nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi lè gba àárín wọn kọjá. Nítorí bí ó bá le jù, kò ní ṣeé fà, bí ó bá sì dẹ̀ jù, yóò jó tán kíákíá. Èkejì ni ewé tí ó fi dì í. Lẹ́yìn èyí, ó tẹ́ ẹ sínú pákó tí a gbẹ́ ihò sí, a sì fún un mọ́lẹ̀ kí ó lè mú ìrísí. Ẹ̀kẹta ni ewé ìbora, èyí tí ó dára jùlọ, tí kò gbọdọ̀ ní ihò tàbí àbàwọ́n. Ọ̀bẹ bàbá náà kò ní èèkù; irin pẹlẹbẹ kan lásán ni, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù tuntun, chaveta ni wọ́n ń pè é. Ó fi í gé ewé ìbora náà, ó wé e láti ìdí dé orí, ó sì fi àtè díẹ̀ tí kò ní òórùn lẹ orí rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó ń ṣe èyí, ojú wa ni ó ń wò, kò wo ọwọ́ rẹ̀.

A bi í bóyá láti Kúbà ni ewé náà ti wá. Ó mi orí. Ó ní ọwọ́ òun ni ó ti Kúbà wá, ewé kò lè wá. Òtítọ́ sì ni. Ní oṣù kejì ọdún 1962, Ààrẹ Kennedy fi òfin dí òwò láàrín Amẹ́ríkà àti Kúbà, láti ìgbà náà sì ni ewé Kúbà kò ti wọ Tampa mọ́ bí ó ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nicaragua, orílẹ̀-èdè Dòmíníkà, Honduras àti Ecuador ni ewé ti ń wá báyìí. Bí ẹ bá rí orúkọ Kúbà lára pátákó ilé ìtajà, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ìrántí ni ó ń tọ́ka sí.

Ẹ̀yin obìnrin tí ń ka ìwé wa yóò fẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Àwọn obìnrin ni ó máa ń fa igi àárín ewé yọ láyé àtijọ́. Nígbà tí ó yá, púpọ̀ nínú wọn jókòó sídìí tábílì, wọ́n ń ká sìgá bí ọkùnrin. Owó wọn pẹ̀lú ni ó tọ́ àwọn ọmọ àdúgbò náà dàgbà.

Nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ó kún Tampa láyé ọjọ́un, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣì ń ṣe sìgá. Ilé alágogo kan tí a kọ́ ní 1910 ni. El Reloj ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí aago. Ilé iṣẹ́ J. C. Newman, tí a dá sílẹ̀ ní Cleveland ní 1895, ni ó wà nínú rẹ̀ lónìí. Àwọn yòókù ti di ọ́fíìsì, ilé gbígbé tàbí ilé ọtí. Àwọn kan sì ti wó.

Òǹkàwé Ilé Iṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wá gbọ́ nípa irú òǹkàwé mìíràn. Kíká sìgá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ariwo. Nítorí náà, ní Havana, láti 1865, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹnìkan tí yóò máa ka ìwé sí wọn létí nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Fílórídà, wọ́n kó àṣà náà lọ. El lector ni wọ́n ń pe ẹni náà. Wọ́n kọ́ àtẹ́gùn gíga kan fún un ní àárín ilé, ó ń jókòó sórí rẹ̀ ní aṣọ tí ó bójú mu, ó sì ń fi ohùn rẹ̀ lásán, láìsí ẹ̀rọ kankan, kàwé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn.

Ní òwúrọ̀, ìwé ìròyìn ni ó ń kà. Bí ó bá ṣe, a kan ìwé ìtàn: ti Cervantes, ti Victor Hugo, ti Zola. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń dìbò yan ìwé tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwọn náà ni ó ń yan òǹkàwé, tí wọ́n ń dán ohùn rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ni ó ń san owó rẹ̀, láti inú owó ọ̀sẹ̀ tiwọn. Olówó ilé iṣẹ́ kò san kọ́bọ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan lè máa jiyàn lórí ìwé ńlá nígbà tí ó bá ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìwé lójoojúmọ́ kò rọrùn láti rẹ́ jẹ. Ní 1899, ilé iṣẹ́ kan gbé òṣùwọ̀n wá kí wọ́n lè máa wọn ewé tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ kà á sí pé a ń pè wọ́n ní olè. Wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì borí. Àwọn olówó kò gbàgbé irú nǹkan báwọ̀nyí. Ní 1931, nígbà tí òwò ti burú ní gbogbo ayé, wọ́n pinnu pé kò sí òǹkàwé mọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ènìyàn. Wọ́n wó àtẹ́gùn náà palẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn kò borí. Rédíò ni a gbé sí ipò òǹkàwé, ẹ̀rọ akásìgá sì ń gba ipò àwọn ọlọ́wọ́ dídán. Rédíò kì í béèrè ìwé tí a fẹ́ gbọ́.

Búrẹ́dì Wọn

A kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìfi ẹnu ba nǹkan. Búrẹ́dì àwọn ará Kúbà gùn tó apá, wọ́n sì máa ń tẹ́ ewé ọ̀pẹ kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó wọ ààrò, èyí tí ń mú kí ó là ní gígùn. Wọ́n ń là á sí méjì, wọ́n ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun àti èyí tí a fi iyọ̀ pa mọ́ sí i láàrín, pẹ̀lú wàràkàṣì àti apálá inú ọtí kíkan. Ní Tampa, wọ́n tún ń fi ẹran lílọ̀ oníyọ̀ ti àwọn ará Ítálì kún un, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi pé sínú búrẹ́dì kan. A jẹ ẹ́ pẹ̀lú kọfí dúdú tí a da wàrà gbígbóná sí. Ilé oúnjẹ Columbia, tí a ṣí ní 1905, ṣì ń gba àlejò lórí Òpópó Keje títí di òní.

Ilé Obìnrin Kan

Láti ibẹ̀ a rìn lọ sí ọgbà kékeré kan tí ère mábù funfun dúró sí. Ère José Martí ni, akéwì àti olórí àwọn tí ó jà fún òmìnira Kúbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1891 ni ó kọ́kọ́ wá sí Tampa láti bá àwọn akásìgá sọ̀rọ̀, ó sì padà wá ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nínú owó ọ̀sẹ̀ wọn ni wọ́n ti ń dá owó ogun fún un. A tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní Tampa pé inú sìgá kan ni a ká àṣẹ ogun sí ní 1895, tí a sì fi ránṣẹ́ lọ sí Kúbà láìjẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè fura. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni Martí kú lójú ogun.

Ibi tí ọgbà náà wà ni ilé Paulina Pedroso àti Ruperto ọkọ rẹ̀ wà rí. Aláwọ̀ dúdú ni tọkọtaya náà. Ní ìparí 1892, àwọn kan gbìyànjú láti fi májèlé pa Martí ní Tampa. Lẹ́yìn èyí, ilé Paulina ni ó ń wọ̀ sí; Paulina ni ó tọ́jú rẹ̀, a sì ń ròyìn pé Ruperto a máa sùn sí ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ rò ó wò: olórí aláwọ̀ funfun tí ìyàwó ilé aláwọ̀ dúdú kan pa mọ́ bí ọmọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe pọ̀ láàrín wọn nígbà tí ìyà kan náà ń jẹ wọ́n.

Ilé Méjì

Àwọn òṣìṣẹ́ Ybor City fẹ́ràn ẹgbẹ́. Àwọn ará Sípéènì ní tiwọn, àwọn ará Ítálì ní tiwọn. Olúkúlùkù ń dá owó ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí àwa ti ń dá èèsú. Ṣùgbọ́n owó tiwọn kì í yí ká. Ẹni tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀ ni ó ń gbà á, àti opó tí ọkọ rẹ̀ kú. Owó yìí ni wọ́n fi gba dókítà, wọ́n fi ra ilẹ̀ ìsìnkú, wọ́n sì fi kọ́ àwọn gbọ̀ngàn ńlá tí àlejò ń wò títí di òní.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1899, lẹ́yìn tí ogun ti parí, àwọn ará Kúbà dá tiwọn sílẹ̀, dúdú àti funfun pọ̀. Kò pé ọdún méjì. Ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun ni ó ń jọba ní Fílórídà nígbà náà, ó sì wọ inú ilé náà. Ní 1900, àwọn aláwọ̀ dúdú wà ní òde ẹgbẹ́ tí àwọn náà jọ dá sílẹ̀. Àwọn funfun ni ó di Círculo Cubano. Àwọn dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àgbà méjì sọ ọ́: Martí, tí ó jẹ́ funfun, àti ọ̀gágun Antonio Maceo, aláwọ̀ dúdú tí ó kú lójú ogun ní 1896. La Unión Martí-Maceo ni à ń pè é láti 1904. Wọ́n ti lé wọn jáde, síbẹ̀ wọn kò yọ orúkọ Martí kúrò.

A rìn láti ilé kan dé èkejì. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn Círculo Cubano, tí a kọ́ ní 1917, ga, ó ní òpó àti fèrèsé aláràbarà. Gbọ̀ngàn tí Martí-Maceo fi owó ara wọn kọ́ kò sí mọ́: ní 1965, nígbà tí ìjọba ń wó ilé tí wọ́n pè ní àtijọ́ láti tún ìlú ṣe, wọ́n wó o pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé mìíràn ní àdúgbò náà. Ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Wọ́n gba ilé mìíràn, tí ó kéré, lórí Òpópó Keje, níbẹ̀ ni wọ́n sì wà.

A dúró níwájú ilé kékeré yìí pẹ́ ju gbogbo ibòmíràn lọ. Ní Kúbà, Lukumí ni à ń pe àwọn ènìyàn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ, tí púpọ̀ wọn dé ibẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èdè wọn ṣì ń dún nínú orin erékùṣù náà. Àwọn kan nínú wọn padà wá sí Èkó. Ìdílé Campos, tí gbàgede kan ní Èkó ń jẹ́ orúkọ wọn, ti Kúbà wá. Ẹni tí kò padà ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ lè di akásìgá, kí ó dá owó fún òǹkàwé, kí ó dá owó fún ogun òmìnira, kí a sì wá sọ fún un pé kò gbọdọ̀ bá ẹni tí wọ́n jọ jà jókòó nínú gbọ̀ngàn kan. Nítorí èyí ni a kò fi lè wo ilé náà bí àlejò lásán.

Òwò sìgá ti fà sẹ́yìn ní Tampa, Ybor fúnra rẹ̀ sì ti kú láti 1896. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sẹ́ńtì wọn dá sílẹ̀ ni ó dúró lẹ́yìn wọn. Àwa náà ní ẹgbẹ́ ní ilé, a ń dá owó, a ń ra aṣọ kan náà fún ọjọ́ àríyá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìpàdé tí ń bọ̀: èló nínú owó wa ni ó ń lọ sọ́dọ̀ aláìsàn? Èló ni ó ń lọ fún ẹni tí yóò ka ìwé sí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà? Ta ni ó sì wà ní òde ilẹ̀kùn wa, tí ó ti bá wa ru ẹrù rí?

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá dé Tampa, kí ó yà sí Òpópó Keje. Kí ó wo akásìgá nídìí fèrèsé, kí ó jẹ búrẹ́dì náà. Lẹ́yìn náà, kí ó rìn dé ilé Martí-Maceo, kí ó sì kí wọn.